Ta Ló Rán Bọ́tìnnì Mọ́ Aṣọ Màmá Lọ́run?

Ẹ̀yin òǹkàwé, obìnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kò sọ pé kò sí ọ̀run. Ó ní kí n kọ ìyẹn síwájú, kí ẹnikẹ́ni má baà pe òun ní kèfèrí kó tó kà á dé ìdajì. Ohun tó sọ ni pé wọ́n mú ọ̀run wá jẹ́rìí lé òun lórí, pé irọ́ ni ẹ̀rí náà, àti pé òun fúnra òun lòun kọ́ ọ̀run ní apá kan irọ́ yẹn.

Inú ń bí i bó ṣe ń sọ ọ́ fún mi. Kó tó sọ ọ́ tán, inú ti ń bí èmi náà.

Ìyàwó ni gbogbo ilé ọkọ rẹ̀ ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin méjèèjì ti ń dáná fúnra wọn. Ilé ìfọṣọ ló ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ló ń lọ̀ láti àárọ̀ dọ̀sán, tó fi jẹ́ pé òórùn sítáàṣì kì í kúrò lára rẹ̀, ì báà wẹ̀ títí omi ó fi tán. Wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ ni ọkọ rẹ̀. Ọkọ yìí ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, Àǹtí Àgbà, ó sì ní àbúrò obìnrin kan, Àǹtí Kékeré. Àwọn mẹ́ta tí Màmá bí nìyẹn.

Nígbà tí àìsàn ikú dé sí Màmá, ilé wẹ́dà ló wà. Ìyàwó ló ń bọ́ ọ, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń yí i láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Àǹtí Kékeré, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà, máa ń wá jókòó sórí sófà lójoojúmọ́, yóò máa sọ pé, "Ìyàwó, o ò tíì pààrọ̀ omi yẹn." Àǹtí Àgbà ń gbé ìlú òkèèrè. Kò sẹ́ni tó pè é; fóònù Màmá ti sọnù, wọ́n wá a títí, wọn ò rí i. Ìgbà tó máa fi gbọ́, wọ́n ti sin Màmá. Ó wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó ní, "Ẹ ṣeun o," ó sì yí padà. Ọdún yípo, ọdún tún yípo, kò bá ará ilé náà sọ̀rọ̀.

Nǹkan kan wà tí Ìyàwó ń fi pamọ́. Màmá ní gáùn sílíkì aláwọ̀ ewé kan tí Àǹtí Àgbà rà fún un. Gbogbo ayé ló ti sọ fún pé gáùn yẹn ni kí wọ́n fi sin òun. Lọ́jọ́ ìsìnkú, Ìyàwó gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Ẹni tó ti fi ìdajì ayé rẹ̀ lọ aṣọ olówó, omijé bo ojú rẹ̀, kò wo bí áyọ́ọ̀nù ṣe gbóná tó. Áyọ́ọ̀nù jó gáùn náà láyà, ó sì fi àwòrán ara rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀ gedegbe.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Òun nìkan ló wà nínú yàrá. Ó wọ aṣọ funfun kan fún Màmá, ó sì ti dé pósí kí àwọn yòókù tó wọlé. Ó ká gáùn tó jóná náà, ó tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí páànù rẹ̀, ó tì í pa. Ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n á bi í. Wọn ò bi í, ẹ̀rù náà ò sì lọ.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà nígbà tí Àǹtí Àgbà ṣubú lórí àtẹ̀gùn níbi iṣẹ́ rẹ̀. Orí ló fi gbalẹ̀. Wọ́n gbé e wá sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà nítòsí ilé wẹ́dà, ó sì sùn síbẹ̀ bí ẹni tó ti lọ. Kò lajú, kò mira.

Nọ́ọ̀sì tó wà ní wọ́ọ̀dù náà kì í ṣàwàdà. Ó ní, "Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀. Ẹ má kàn jókòó máa wò ó bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Etí kì í tètè sùn."

Wọ́n pín in. Ìyàwó ń jókòó tì í lọ́sàn-án, bó bá ti kúrò ní ilé ìfọṣọ. Àǹtí Kékeré ń jókòó tì í lálẹ́.

Kí lèèyàn fẹ́ máa bá ẹni tí kò dáhùn sọ? Ìyàwó sọ ọ̀rọ̀ òjò, ó sọ ti oòrùn, ó sọ ti àwọn ọmọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tán, ó wá ku ti Màmá. Ó pinnu pé òun á jẹ́wọ́ gáùn náà. Bí òun ò bá lè sọ ọ́ fún ẹni tó dákú, ta lòun fẹ́ sọ ọ́ fún? Ó tẹ̀ mọ́ ọn létí.

"Àǹtí, gáùn Màmá yẹn..."

Ẹnu rẹ̀ kọ̀. Àní fún ẹni tó sùn, ẹnu rẹ̀ kọ̀.

"Gáùn yẹn bá Màmá mu gan-an ni. Mo rán bọ́tìnnì funfun mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ká ní ẹ rí wọn ni, wọ́n dà bí ìyàwó tuntun."

Gáùn tí Màmá kò wọ̀. Bọ́tìnnì tí kò sí níbì kankan lábẹ́ oòrùn. Ṣùgbọ́n ara tù ú bó ṣe sọ ọ́, ni ó bá ń tún un sọ lójoojúmọ́. Nígbà míì ó máa ń fi kún un pé òun tọ́jú Màmá dáadáa, kí Àǹtí má bínú. Èyí kì í ṣe irọ́. Ó kàn jẹ́ pé irọ́ ló tò ó tì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Àǹtí Àgbà lajú. Wẹ́dà wà níbẹ̀, Àǹtí Kékeré wà níbẹ̀, Ìyàwó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu aláìsàn náà ni pé, "Mo dé ọ̀run."

Wọ́n sún mọ́ ọn.

"Ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán. Iná kan wà lókè tí wọn kì í pa. Àwọn aláṣọ funfun ń lọ, wọ́n ń bọ̀, bàtà wọn kì í dún. Ibẹ̀ tutù. Ó ń ta sánsán bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀."

Ìyàwó wo ilẹ̀ wọ́ọ̀dù tó ń dán. Ó wo iná tó wà lókè. Ó gbóòórùn sítáàṣì lára ẹ̀wù ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Àǹtí Àgbà kò tíì parí. "Màmá jáde sí mi. Gáùn aláwọ̀ ewé tí mo rà fún wọn ni wọ́n wọ̀, ó ní bọ́tìnnì funfun lọ́wọ́. Èmi ò ra gáùn oníbọ́tìnnì o. Mo ní, 'Màmá, ta ló rán èyí?' Wọ́n ní, 'Ìyàwó ni. Ìyàwó tọ́jú mi dáadáa.'"

Ẹ̀rín Ìyàwó gbẹ.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí díẹ̀, torí ibi tó ti ṣìnà nìyí, ó sì ní kí n má bo òun láṣìírí. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé yẹn, kò sẹ́ni tó yìn ín rí. Ó fọ ìgbẹ́ Màmá, kò sẹ́ni tó ní kú iṣẹ́. Àfi ọjọ́ yìí, tí ọkọ rẹ̀ fi yíjú sí i, tí omi lé ròrò sójú rẹ̀, tó ní, "O rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ ìyá mi, o ò sì sọ fún mi." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú níwájú gbogbo wọn. Kò dì í mú bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyàwó mọ ibi tí bọ́tìnnì yẹn ti wá. Òun nìkan ló mọ̀ ọ́n láyé. Ó ṣí ẹnu, ó sì ní, "Ọlọ́run ṣeun."

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwọn àgbà kò fi ìyẹn ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kúrò ní wọ́ọ̀dù, ó dé ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ wọn jẹ́ ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Ó mú ẹnì kan dání tó ń ká ohùn sílẹ̀, ó sì ní kí Àǹtí Àgbà sọ ọ́ lójú ìjọ. Ó sọ ọ́. Wọ́n ní kó tún un sọ ní ìjọ mìíràn. Ó tún un sọ. Ibi gbogbo tó bá dé, pásítọ̀, tó ti sọ Àǹtí Àgbà ní Màmá Ọ̀run, á tẹ máìkì mọ́ ọn lẹ́nu, á ní, "Kí lẹ tún rí, Màmá Ọ̀run? Ẹ rántí dáadáa. Ó ní ohun tí ẹ tún rí."

Bí wọ́n bá ń bi èèyàn bẹ́ẹ̀, kí ni kò ní rántí? Àǹtí Àgbà kì í ṣe òpùrọ́, ìyẹn gan-an ló ń dunni. Ó ń tú inú orí ara rẹ̀ wò, ohun tó bá sì bá níbẹ̀ ló ń kó jáde. Kò bi ara rẹ̀ pé ta ló kó o síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í.

Ìyàwó ń bá a lọ káàkiri. Wọ́n ń fún un ní ìjókòó iwájú. Àwọn obìnrin ń wá dì mọ́ ọn, wọ́n ń ní, "Ìwọ ni oníbọ́tìnnì?" Yóò ní òun ni.

Àfi lọ́jọ́ Sunday kan tí pásítọ̀ tún bèèrè, "Kí lẹ tún rí?" Àǹtí Àgbà di ojú pọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Màmá ní àwọn pè mí kí àwọn tó kú. Wọ́n ní àwọn ń bèèrè fóònù àwọn, kí àwọn gbọ́ ohùn mi. Wọ́n sọ fún àwọn pé ó ti sọnù. Kò sọnù. Ẹnì kan tì í sábẹ́ tìmùtìmù sófà, ó sì jókòó lé e. Ó jókòó lé fóònù Màmá, ó ń wò wọ́n lójú bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Ó fẹ́ kí n má tètè dé ni."

Pásítọ̀ tẹ máìkì sún mọ́ ọn sí i.

"Ta ni?" ni pásítọ̀ bèèrè.

"Mi ò rí ojú rẹ̀. Obìnrin ni. Inú ilé yẹn náà ni."

Àǹtí Kékeré dìde ní ìjókòó rẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Ta ló ń gbé inú ilé pẹ̀lú Màmá tọ̀sán-tòru? Ṣé èmi ni àbí Ìyàwó?" Ó yíjú wo Ìyàwó, gbogbo ìjọ sì bá a yíjú.

Ìjókòó iwájú yẹn náà ló jókòó sí o. Kò síbi tó fẹ́ sá gbà.

Nílé, ó rò pé ọkọ òun á gbèjà òun. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ rántí pé àwa méjèèjì la jọ wá fóònù yẹn. Ẹ̀yin lẹ gbé bẹ́ẹ̀dì sókè fún mi."

Wẹ́dà ń fi ìka ha ojú tábìlì. "Mo rántí. Ẹni tó bá gbé nǹkan pamọ́ náà máa ń bá wọn wá a."

"Ẹ gbà gbọ́ pé èmi ni?"

"Kí lo fẹ́ kí n gbà gbọ́? Ọ̀run tó sọ ti bọ́tìnnì náà ló sọ ti fóònù. O gba ti bọ́tìnnì. Àbí o fẹ́ sọ pé Màmá ń parọ́ lọ́run ni?"

Ẹ wo bí irọ́ ṣe ń ṣe èèyàn. Ìdáhùn náà wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kó tó lè sọ ọ́, ó ní láti sọ pé òun ti ń jẹ oúnjẹ irọ́ yẹn láti ọjọ́ yìí wá.

Wọ́n fún un di ọjọ́ Sunday tó ń bọ̀. Pásítọ̀ ní kó wá kúnlẹ̀ ní pálọ̀ ilé náà, kó jẹ́wọ́, kí wọ́n ká ìparí ìtàn náà sílẹ̀. Bó bá kọ̀, kó máa lọ. Wẹ́dà kò dúró de Sunday. Bí Ìyàwó ṣe ti ibi iṣẹ́ dé ní Sátidé, ó bá ẹrù rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti di gbogbo aṣọ rẹ̀ sínú báàgì, ó sì wọ́ àpótí páànù rẹ̀ wá síbẹ̀ bó ṣe wà ní títì.

"Lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ fúngbà díẹ̀," ni wẹ́dà wí, kò wojú rẹ̀. "Kí inú àwọn Àǹtí lè rọ̀. Àwọn ọmọ á wà lọ́dọ̀ mi."

Àwọn ọmọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá, wọ́n ń wo ìyá wọn. Wọn kò sọ nǹkan kan. Ìyẹn ló bí i nínú jù lọ, pé àwọn ọmọ tóun bí kò sọ nǹkan kan, nítorí wọn ò mọ ẹni tí àwọn ì bá gbà gbọ́, ìyá wọn ni tàbí ọ̀run.

Ó jókòó lórí àpótí páànù yẹn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sunkún. Inú ń bí i sí ọkọ rẹ̀, ó ń bí i sí pásítọ̀, ó ń bí i sí Àǹtí Àgbà tó dákú tó sì jí wá da ilé onílé rú. Lẹ́yìn náà ló rántí ohun tóun jókòó lé.

Ó ń jókòó lé gáùn Màmá.

Ó wá ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè tó yẹ kó ti bi ara rẹ̀ tipẹ́. Bọ́tìnnì, ẹnu òun ló ti jáde, etí Àǹtí ló gbà wọlé. Òórùn sítáàṣì, ara òun ni. Ó dáa. Fóònù ńkọ́? Òun ò sọ ọ́. Òun ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n; òun fúnra òun gbà pé fóònù yẹn sọnù. Ẹlòmíì ló sọ ọ́ sí etí yẹn. Ta ló tún jókòó ti ẹni tó sùn? Ta ló máa ń jókòó lórí sófà?

Nígbà tó dìde lórí àpótí, ó ti mọ̀, kò sì jáde nílé náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday, wọ́n pé sí pálọ̀. Pásítọ̀ jókòó sí ìjókòó wẹ́dà, ẹni tó ń ká ohùn sílẹ̀ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sórí tábìlì. Àǹtí Àgbà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n ṣì fi báńdéèjì wé orí rẹ̀. Àǹtí Kékeré wà lórí sófà, ní ibi tó máa ń jókòó sí.

"Kúnlẹ̀, arábìnrin," ni pásítọ̀ wí.

Ìyàwó kò kúnlẹ̀. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, ó ń wo Àǹtí Àgbà.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Aṣọ wo ni Màmá wọ̀ lọ́run?"

"O ti gbọ́ ọ, Ìyàwó. Gáùn aláwọ̀ ewé ni."

"Báwo ni àyà gáùn náà ṣe rí?"

"Ó dán. Ó lẹ́wà. Kò sí àbàwọ́n kankan lára rẹ̀."

"Bọ́tìnnì?"

"Funfun ni. Ọwọ́ aṣọ ló wà."

Ìyàwó mú ọwọ́ rẹ̀ wá síwájú, ó na gáùn náà sókè fún gbogbo wọn. Sílíkì aláwọ̀ ewé ni. Kò ní bọ́tìnnì. Ojú áyọ́ọ̀nù wà ní àárín àyà rẹ̀, ó dúdú, etí rẹ̀ ti ń fọ́.

"Èmi ni mo jó o, lọ́jọ́ ìsìnkú. Aṣọ funfun ni mo fi sin Màmá. Gáùn yìí ò kúrò nínú àpótí mi láti ọjọ́ náà. Aṣọ tó wà nínú àpótí tèmi láyé, báwo ni Màmá ṣe rí i wọ̀ lọ́run?"

Wẹ́dà dìde. Àǹtí Àgbà na ọwọ́, kò sì fọwọ́ kàn án.

"Kò sí bọ́tìnnì," ni Ìyàwó ń bá a lọ. "Kò sí bọ́tìnnì rí. Nígbà tí ẹ sùn, mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún yín, mi ò lè jẹ́wọ́, mo wá parọ́ pé gáùn náà bá Màmá mu, pé mo rán bọ́tìnnì mọ́ ọn. Etí yín gbọ́ ọ. Nọ́ọ̀sì sọ fún wa pé ẹ̀ ń gbọ́."

Àǹtí Kékeré rẹ́rìn-ín kékeré kan. "Ẹ wo ìtànjẹ. Nígbà tó ń yìn ọ́, kí ló dé tí o ò sọ pé irọ́ ni? O jókòó níwájú, ò ń gba ìkíni. Àfi ìgbà tó wá bá ọ wí."

"Torí ó dùn mọ́ mi ni," ni Ìyàwó dá a lóhùn. "Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbà á, mi ò sì ní bẹ ẹnikẹ́ni kó bá mi rù ú. Ẹ dúró, Àǹtí Kékeré, ẹ má tíì dìde. Bọ́tìnnì, èmi ni mo sọ ọ́. Fóònù, èmi kọ́. Mi ò mọ̀ pé wọ́n jókòó lé e; báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ fún ẹni tó sùn? Èmi ni mo jókòó tì wọ́n lọ́sàn-án. Lálẹ́, ta ni?"

Wẹ́dà wo àbúrò rẹ̀. Ó wo sófà tó jókòó sí.

"Màmá ló sọ ọ́," ni Àǹtí Kékeré wí. "Màmá ló sọ ọ́ fún wọn lọ́run."

"Màmá wo? Èyí tó wọ gáùn yìí?"

Àǹtí Àgbà ló sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń wá ilẹ̀ nínú òkùnkùn. "Mo gbọ́ ẹkún níbẹ̀. Mi ò sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, torí ó yà mí lẹ́nu, mo rò pé wọn kì í sunkún lọ́run. Ẹnì kan ń sunkún mọ́ mi létí. Àbúrò mi, ìwọ lò ń sunkún?"

Ojú Àǹtí Kékeré pọ́n. Ó kọ́kọ́ bínú kó tó sunkún, torí bẹ́ẹ̀ ni ìdílé wọn ṣe rí.

"Gbogbo alẹ́ ni mo ń bẹ̀ yín. Gbogbo alẹ́. Kí ló dé tí ẹ gbọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi, tí ẹ ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi?" Ó fi ọwọ́ nu imú. "Èmi ni mo wà níbí lójoojúmọ́. Mo jókòó síwájú Màmá, ẹ̀yin ni wọ́n ń pè. Mo fún wọn lómi, ẹ̀yin ni wọ́n ń pè. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ pè mí lẹ́ẹ̀kan péré, kí n tó gbé fóònù jáde. Wọn ò pè mí, wọ́n sì kú."

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ máa bá a. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ará ilé yẹn sunkún tán, kí wọ́n wá dì mọ́ra. Ìyàwó ní àánú rẹ̀ ṣe òun díẹ̀, kékeré báyìí, ìbínú sì gbé e mì. Àbí kí lèèyàn fẹ́ ṣe pẹ̀lú ẹni tó jókòó lé ohun tó ṣe, tó wá nàka sí ọ lójú ìjọ, tó ń wò bí wọ́n ṣe ń di ẹrù rẹ? "Ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin ni," ni Ìyàwó sọ fún un. "Ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n lé mi kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ mi." Àǹtí Kékeré kò rí ojú gbé sókè.

Pásítọ̀ wúkọ́. Ó ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ. Ó ro ọ̀rọ̀ náà wò, ó sì ní, "Ẹ jẹ́ ká fọgbọ́n ṣe é. A lè yọ ti bọ́tìnnì kúrò, a lè yọ ti fóònù. Ìyókù ṣì lágbára. Ìmọ́lẹ̀ yẹn, àwọn aláṣọ funfun yẹn..."

"Àwọn nọ́ọ̀sì ni," ni Ìyàwó wí.

Wẹ́dà ló ṣí ilẹ̀kùn fún pásítọ̀. Ohun rere kan ṣoṣo tó ṣe lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Nígbà tí ilé dá, Àǹtí Àgbà ní kí Ìyàwó gbé gáùn náà wá. Ó tẹ́ ẹ sórí itan rẹ̀, ó ń fi ìka tọ etí ibi tó jóná yípo.

"Ìyàwó. Ṣé Màmá ò wá pàdé mi, nígbà náà?"

Ìyàwó lè sọ pé wọ́n wá. Ẹnu rẹ̀ ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ dáadáa, ì bá sì tu obìnrin náà nínú. Ó gbé irọ́ náà mì.

"Mi ò mọ̀, Àǹtí. Mi ò dé ọ̀run. Ti inú ilé yìí ni mo mọ̀. Ní yàrá yẹn, lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, wọ́n pè yín títí ohùn wọn fi tán. Wọ́n ń bi mí pé ṣé ẹ ti wà lọ́nà. Etí tèmi ló gbọ́ ọ, mi ò sì sùn."

Àǹtí Àgbà di gáùn náà mọ́ra, ó sunkún. Nígbà tó máa lọ sí ìlú rẹ̀, ó mú gáùn náà lọ. Ìjọ kan ránṣẹ́ sí i lẹ́yìn náà pé kó wá sọ ìrìn àjò ọ̀run. Ó ní òun á wá, ṣùgbọ́n òun á mú gáùn òun dání, òun á fi hàn wọ́n. Wọn ò tún ránṣẹ́ mọ́.

Ẹ̀kọ́ tí Ìyàwó ní kí n fún yín kò gùn. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òun ti ọ̀run bọ̀, kí ẹ yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò lọ́jọ́ tó bá yìn yín, kí ó tó di ọjọ́ tó máa bú yín. Lọ́jọ́ tó bá bú yín, ẹnu yín ò ní gbà á mọ́.

Ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sunday náà, wẹ́dà dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wo ẹrù. Ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, jọ̀ọ́, tú ẹrù rẹ. Ọ̀rọ̀ ti tán."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, "ẹ̀yin" ni Ìyàwó ń pè é. Lọ́jọ́ yìí, ó jókòó sórí àga, ó ká apá mọ́yà, ó ní, "Ìwọ lo dì í. Ìwọ ni wàá tú u. Kí àwọn ọmọ wá jókòó, kí wọ́n máa wò ọ́ bí wọ́n ṣe wò ọ́ tí o ń dì í."

Ó tú báàgì kìíní. Ó ń yọ aṣọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi kọ́, kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi kọ́, Ìyàwó ní kó tún un kọ́.

Mo bi í bóyá ó ti dárí jì í báyìí.

"Ó ṣì ń tú u," ló wí.